Nígbà tí kò sí èyí tó dára nínú wọn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń pinnu nínú ìhámọ́

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí, ibi tí èèyàn dúró sí pàápàá ń gbóná. Ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ni mo kọ èyí fún: ẹni tí iṣẹ́ ń pa lára tí kò sì rí òmíràn, ẹni tí dókítà gbé ìtọ́jú méjì kalẹ̀ fún tí ewu wà nínú méjèèjì, ẹni tó gbọ́dọ̀ dá òṣìṣẹ́ dúró kí ilé iṣẹ́ má baà kógbá wọlé. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn nípa ìpinnu ló wà fún ẹni tí nǹkan rọ̀ fún. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹni tí nǹkan ò rọ̀ fún ló ń béèrè wọn.

Kí ló dé tí irú ìpinnu yìí fi ń wọni lára tó báyìí?

Nítorí pé àdánù là ń fi wé àdánù. Bó bá jẹ́ ohun rere méjì la fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn, èyí tí a fi sílẹ̀ kì í dunni pẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tí ọkàn fi ń wo àdánù yàtọ̀. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, fi hàn nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1979 pé ìrora ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni máa ń ju ayọ̀ ohun tó tó iye kan náà tó wọlé lọ.

Èyí tí wọ́n rí ní 1981 ló yẹ kí ẹni tó wà nínú ìhámọ́ mọ̀ jù. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn kan ronú pé àrùn kan ń bọ̀ tí yóò pa 600 ènìyàn. Ètò méjì ló wà. Èkíní yóò gba 200 là, ó dájú. Èkejì lè gba gbogbo 600 là, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ìrètí pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló máa kú. Nínú 100 èèyàn, 72 mú èyí tó dájú. Wọ́n wá gbé ètò kan náà síwájú àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n ikú ni wọ́n fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí: nínú ètò kìíní, 400 yóò kú; nínú èkejì, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má kú rárá, ó sì ṣeé ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ kí gbogbo wọn kú. Lọ́tẹ̀ yìí, 78 nínú 100 ló ta tẹ́tẹ́, wọ́n mú ètò kejì. Iye ẹ̀mí kò yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ rèé: ẹni tí gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ jọ àdánù lójú rẹ̀ a máa fẹ́ ta tẹ́tẹ́. Ọ̀nà tó ṣèlérí pé òun yóò nu gbogbo àdánù náà nù ni yóò dì mọ́, bó ti wù kí ìrètí rẹ̀ tín-ín-rín tó. Báyìí ni ẹlòmíràn ṣe ń fi ìyókù owó rẹ̀ lé èyí tó ti sọnù. Nítorí náà, kí ẹ tó yan, ẹ kọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ yín, àti ohun tí yóò ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́. Bí ọ̀nà tó wù yín bá yí padà láti ìwé kìíní sí ìkejì, ọ̀rọ̀ ló ń darí yín, kì í ṣe ọ̀ràn fúnra rẹ̀. Ẹ má tíì pinnu.

Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ wò ó bóyá ohun tí ẹ ń lépa ṣì ṣeé bá.

Ní January 1915, yìnyín òkun há ọkọ̀ ojú omi Ernest Shackleton, olùṣàwárí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́ nítòsí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Ohun tó bá wá ni láti fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ yìnyín náà já láti etí òkun kan dé èkejì. Àwọn 28 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Yìnyín fún un mọ́ra títí ó fi fọ́, ó sì rì ní 21 November ọdún náà. Shackleton gbé ìrìn àjò tó bá wá jù sílẹ̀. Kí gbogbo wọn padà sílé láàyè ló wá di iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ìpinnu tó le bí ojú ẹja wá ní ìdíwọ̀n kan tí a lè fi wọ̀n wọ́n. Ní April 1916, ó fi 22 nínú wọn sílẹ̀ ní erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Elephant Island, òun àti àwọn 5 wọ ọkọ̀ kékeré kan, wọ́n sì la òkun tó lé ní 1,200 kìlómítà já lọ sí erékùṣù South Georgia láti wá ìrànwọ́. Kò sí èyí tó dára nínú kí ó lọ àti kí ó dúró. Ní 30 August 1916 ni wọ́n tó lè padà wá kó àwọn tó kù, kò sì sí ẹni tó kú nínú àwọn 28 náà.

Mo rò pé ìdajì ìdààmú wa wá láti inú pé ohun tí à ń lépa lánàá la fi ń wọn ọ̀nà tó kù lónìí. Ẹni tó ń wá bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe ní kú lè máà rí ọ̀nà kankan. Bó bá gbà pé ilé iṣẹ́ náà ti ń kú, tó wá ń wá bí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé, yóò rí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta. Ó dunni láti yí ibi tí à ń lọ padà. Bí a kò bá sì tíì yí i, wíwọn ọ̀nà kò lè yé wa.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀nà méjì yìí nìkan ló wà?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rù ń bà yín.

Ní 16 October 1962, wọ́n fi àwòrán han John Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, pé Soviet Union ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì kalẹ̀ ní Kúbà. Ohun tó kọ́kọ́ wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó pè jọ ni kí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú ju bọ́ǹbù sí ibẹ̀. Bí wọ́n bá jù ú, ogun lè dé. Bí wọ́n bá dákẹ́, àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yóò dúró síbẹ̀. Wọn kò kéde ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n fi bí ọ̀sẹ̀ kan jiyàn láàárín ara wọn. Inú àríyànjiyàn yẹn ni ọ̀nà kẹta ti wá lágbára: kí ọkọ̀ ogun ojú omi dí ọ̀nà tí ohun ìjà ń gbà wọ Kúbà, kí wọ́n sì fi ààyè sílẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kejì láti padà sẹ́yìn. Kennedy kéde rẹ̀ ní 22 October. Nígbà tó fi máa di 28 October, Soviet Union ti gbà láti kó wọn kúrò. Amẹ́ríkà ṣèlérí pé òun kò ní kógun wọ Kúbà, ó sì gbà lábẹ́lẹ̀ pé òun yóò kó rọ́kẹ́ẹ̀tì tòun kúrò ní Tọ́kì.

Àkókò ni wọ́n kọ́kọ́ rà, kì í ṣe ìdáhùn. Mo fẹ́ kí ẹ di èyí mú. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ fèsì lónìí, ẹ bi í pé kí ni yóò bàjẹ́ bó bá di ọ̀túnla. Ó yà mí lẹ́nu bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe máa ń jẹ́ “kò sí” lọ́pọ̀ ìgbà.

Yàtọ̀ sí àkókò, ẹ bi ara yín ní àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí ọ̀nà méjèèjì bá dí lójijì, kí ni mo máa ṣe? Ṣé ó di dandan kí n gba ọ̀nà náà tán, àbí mo lè gba apá kan rẹ̀ kí n fi dán an wò? Ta ló ní agbára láti yí òfin tó há mi mọ́ padà, ṣé mo sì ti bi í léèrè rí? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni èèyàn máa ń fò jù. Ọ̀pọ̀ ni kò béèrè fún ìdínkù gbèsè, ọjọ́ sísún síwájú tàbí ìdajì iṣẹ́, nítorí wọ́n ti dáhùn “rárá” fúnra wọn lórúkọ ẹni tí wọn kò tíì bi.

Mo ti wá a títí, n kò rí ọ̀nà kẹta. Ìgbà wo ni kí n dáwọ́ wíwá dúró?

Ẹ fi ìdíwọ̀n lélẹ̀ kí ẹ tó tún máa wá. Herbert Simon, tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 1978, ti sọ láti àwọn ọdún 1950 pé kò sí ẹ̀dá tó lè yẹ gbogbo ọ̀nà wò tán. Ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe ni pé kó mọ èyí tó tó fún un, kó sì dúró níbi tó bá ti rí i. Àwọn àgbà wa ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: bí a ò rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ẹ kọ ohun méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀nà kan kò gbọdọ̀ ṣaláìní sílẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ ní gbogbo wọn, ẹ mú un. Bí kò bá sí èyí tó ní gbogbo wọn, ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa jáwọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ ìlọsíwájú.

Báwo wá ni mo ṣe máa yan láàárín ohun méjì tó burú?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn tèmi ni pé kí ẹ má wá èyí tó burú díẹ̀. Ẹ wá èyí tí ọwọ́ yín ṣì lè tó lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Apollo 13. Ní 13 April 1970, táǹkì ọ́síjìn kan bú gbàmù nínú ọkọ̀ tó ń gbé ọkùnrin mẹ́ta lọ sí òṣùpá, nígbà tí wọ́n ti rìn ju 300,000 kìlómítà lọ sí ilé ayé. Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń darí wọn láti ilẹ̀ ní. Èkíní ni kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì ńlá ọkọ̀ náà, kí wọ́n yí padà lójú ẹsẹ̀. Òun ló yá jù. Ṣùgbọ́n ibi tí táǹkì ti bú ni ẹ́ńjìnnì yẹn wà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Èkejì ni kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ náà yípo òṣùpá kó tó máa bọ̀, kí wọ́n sì máa gbé inú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n bá fi sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá. Ìyẹn yóò gbà tó ọjọ́ mẹ́rin. Ọkùnrin méjì ni wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré yẹn fún, kò sì yẹ kí wọ́n lò ó ju nǹkan bí ọjọ́ méjì lọ. Omi kò tó, iná mànàmáná kò tó, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí síta yóò sì di májèlé fún wọn.

Bí èèyàn bá ka ìṣòro inú méjèèjì, ti èkejì ló pọ̀ jù. Èkejì náà sì ni wọ́n mú. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá kọ̀, tàbí tó bú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n omi tí kò tó, a lè ṣọ́ ọ mu. Iná tí kò tó, a lè pa ohun tó ń jẹ ẹ́, wọ́n sì pa á títí inú ọkọ̀ fi tutù nini. Ní ti afẹ́fẹ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi ọ̀rá, páálí àti téèpù so asẹ́ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ńlá mọ́ ti kékeré bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bá ara mu. Wọ́n balẹ̀ sínú òkun ní 17 April, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàyè.

Ìyàtọ̀ yìí ni mo ń fẹ́ kí ẹ wá nínú ọ̀ràn tiyín. Àwọn ìṣòro kan wà tó pọ̀, tó ń tánni lókun, àmọ́ tí iṣẹ́ ń bẹ láti ṣe nínú wọn lójoojúmọ́. Àwọn kan sì wà tó dá lórí ẹyọ nǹkan kan tí apá wa kò ká: bóyá ẹlòmíràn yóò mú ìlérí ṣẹ, bóyá ọjà yóò yí padà, bóyá àìsàn yóò dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Irú kejì máa ń fani mọ́ra nítorí pé ó dákẹ́. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa lónìí. Èmi a máa fura sí i.

Ẹ fi ìbéèrè méjì sí i. Èwo ni kò ní ṣeé tún ṣe bó bá bàjẹ́? Ohun tó lè gba ẹ̀mí, ìlera tàbí orúkọ rere kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun tó lè gba owó tàbí ọdún kan. Èkejì: bí èyí tó burú jù nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò ru ú? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa jẹ èrè nínú ọ̀nà kan tó sì jẹ́ pé ọmọ yín tàbí òṣìṣẹ́ yín ni yóò ru àdánù rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n.

Ṣé n kò lè ṣe sùúrù ná, kí n wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ?

Ẹ lè ṣe é, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹni tó ń ṣe sùúrù lè sọ pé, “Èsì àyẹ̀wò yóò dé ní ọjọ́ Ajé, ohun tó bá sọ ni màá tẹ̀ lé.” Ẹni tí kò lè sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti pinnu láti wà níbi tó wà, láìmọ̀. William Samuelson àti Richard Zeckhauser, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, kọ̀wé ní 1988 nípa bí ẹ̀dá ṣe máa ń dì mọ́ ipò tó bá ara rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ìdúró ní iye tirẹ̀. Ẹ kọ iye náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọ̀nà yòókù.

Mo ti fi owó àti ọdún púpọ̀ sí i. Ṣé kí n wá fi sílẹ̀ báyìí?

Owó yẹn ti lọ, yálà ẹ dúró tàbí ẹ kúrò. Hal Arkes àti Catherine Blumer, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè kan nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1985: o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò eré orí yìnyín kan ní 100 dọ́là, o tún ra ti òmíràn ní 50 dọ́là, o sì mọ̀ pé ti 50 dọ́là ni wàá gbádùn jù. O wá rí i pé ọjọ́ kan náà ni méjèèjì, kò sì sí ẹni tó máa dá owó padà. Èwo ni wàá lọ? Ó ju ìdajì wọn lọ tó mú ti 100 dọ́là. Wọ́n yan èyí tí wọn kò ní gbádùn tó bẹ́ẹ̀ nítorí owó tí kò lè padà mọ́.

Ẹ bi ara yín pé: bí ó bá jẹ́ pé òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibí, tí ẹlòmíràn ti ná gbogbo ohun tí wọ́n ná, ṣé màá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Kò sì túmọ̀ sí pé ọdún wọ̀nyẹn jẹ́ asán. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọgbọ́n tí ẹ kọ́, àwọn èèyàn tí ẹ mọ̀, ara yín tó ṣì le, ìyẹn ni agbè.

Ẹ̀rù ń bà mí débi pé n kò lè ronú. Kí ni mo lè ṣe?

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sùn kí ẹ tó pinnu. N kò fi ṣeré. Ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun, ìdajì ọgbọ́n ara rẹ̀ ló ń lò.

Bí kò bá sí àyè fún ìyẹn, ẹ gbé ọwọ́ lé ìmúrasílẹ̀. Ní òpin April 1961, dókítà kan ṣoṣo tó wà ní ibùdó Novolazarevskaya tí Soviet Union ní ní Antarctica, Leonid Rogozov, rí i pé àpẹ́ńdíìsì òun, ẹ̀yà ara kékeré kan tó so mọ́ ìfun, ti wú. Ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú lè dé. Oògùn kò ràn án. Bó bá dúró, ó lè bẹ́ sínú ikùn rẹ̀ kó sì pa á. Ọ̀nà kan tó kù ni kó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ara rẹ̀. Ní alẹ́ 30 April, ó ṣe é. Ohun tó ṣe ṣáájú rẹ̀ ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́: ó yan àwọn tó máa bá a mú irinṣẹ́, dígí àti iná, ó sì kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́ tí wọn yóò gún un àti bí wọn yóò ṣe ràn án lọ́wọ́ láti mí bó bá dákú. Iṣẹ́ náà gbà á tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ó bẹ̀rù, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kò dúró kí ẹ̀rù lọ. Ó wá ohun tó kéré, tó wà nítòsí, tó lè ṣe. Bí ìpinnu bá gbé yín ṣánlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ ṣe ohun kan tí yóò wúlò fún yín ní ọ̀nà èyíkéyìí tí ẹ bá gbà: ẹ to ìwé yín jọ, ẹ ṣírò iye tó wà lọ́wọ́, ẹ pe ẹni tí ẹ máa nílò.

Ta ni kí n fi ọ̀rọ̀ lọ̀?

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Ẹ wá ẹni tó ti gba irú ọ̀nà yẹn kọjá, àti ẹni tí kò ní jẹ èrè, tí kò sì ní pàdánù, bó ti wù kí ẹ ṣe é. Ẹ má kọ́kọ́ sọ èyí tó wù yín fún wọn, torí ìfẹ́ yín ni wọ́n máa dá padà fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ohun tí Gary Klein, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, dábàá ní 2007: ẹ ní kí wọ́n ronú pé ẹ ti ṣe é, pé ọdún kan ti kọjá, pé gbogbo rẹ̀ ti dàrú, kí wọ́n wá sọ ohun tó fà á. Ẹni tí kò fẹ́ já yín kulẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò lè sọ̀rọ̀ wàyí.

Ọkàn mi fà sí ọ̀kan ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n n kò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lọ́pọ̀ ọdún, tí ẹ sì máa ń rí àbájáde rẹ̀ kíákíá, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí yín rí, ó lè jẹ́ ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀.

Bí méjèèjì bá dọ́gba pátápátá ńkọ́? Ṣé kí n ta kọ́ìnì?

Ẹ ta á. Bí ẹ bá ti wọ̀n wọ́n dáadáa tí wọ́n ṣì dọ́gba, àṣìṣe tó wà nínú mímú èyíkéyìí kò pọ̀ mọ́, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ fi ń ṣiyèméjì ń lọ. Steven Levitt, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, pe àwọn èèyàn tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe láti ta kọ́ìnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lé ní 20,000 ìgbà tí wọ́n ta á. Nínú àbọ̀ tó gbé jáde ní 2021, àwọn tí kọ́ìnì ní kí wọ́n yí nǹkan padà láyọ̀ ju àwọn yòókù lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kọ́ìnì títa tún ní àǹfààní kan: bí kọ́ìnì bá balẹ̀ tí àyà yín já, ẹ ti gbọ́ ohun tí ọkàn yín ti ń sọ.

Ẹlòmíràn ni ìpinnu mi máa dùn. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹ gbé òfin kalẹ̀ kí ẹ tó wo ojú ẹnikẹ́ni. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé ìgbà kan, oníṣẹ́ abẹ Dominique-Jean Larrey a máa tọ́jú ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ léwu jù ṣáájú, láìka ipò ọ̀gágun tàbí ọmọ ogun lásán sí. Nǹkan ìtọ́jú kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi sẹ́yìn mọ̀ pé kì í ṣe ojúsàájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ẹni náà fúnra yín, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kìíní, ẹ má fi àlàyé gígùn ṣáájú rẹ̀. Ẹ má sọ pé “kò sí ohun tí mo lè ṣe.” Ọ̀nà méjì wà, ẹ sì mú èyí tó dùn ún, ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ẹnìkan ló yàn, àti ìdí rẹ̀. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ìbínú rẹ̀ kò sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe, àlàyé kẹta tàbí ìkẹrin kò sì ní tù ú nínú.

Mo ti yàn, ó sì já sí ibi. Ṣé mo ṣìnà ni?

Àbájáde nìkan kò lè sọ fún yín. Ní 15 January 2009, àwọn ẹyẹ kọ lu ọkọ̀ òfuurufú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní New York, ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì dáwọ́ dúró. Èèyàn 155 ló wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀, Chesley Sullenberger, ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ó wo pápákọ̀ òfuurufú méjì, ó rí i pé òun lè máà dé ọ̀kankan, pé àárín ilé àwọn èèyàn lòun yóò sì já sí, ló bá gbé e balẹ̀ sórí odò Hudson. Gbogbo wọn ló yè. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ṣàfarawé ọkọ̀ dán an wò, díẹ̀ nínú àwọn awakọ̀ tó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n yí padà lójú ẹsẹ̀, sì dé pápákọ̀. Bí wọ́n ṣe fi ìṣẹ́jú àáyá 35 kún un, iye tí èèyàn lè fi mọ ohun tó dé bá a, ọkọ̀ náà kò dé ibẹ̀ mọ́.

Ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú àáyá 35 yẹn. Ẹni tó ń dá yín lẹ́jọ́ lónìí, tó lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, mọ ohun tí ẹ kò mọ̀ nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ ẹni tó bá fẹ́ pinnu pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ohun tí mo mọ̀, ohun tí n kò mọ̀, ìdí tí mo fi mú eléyìí. Bí ẹ bá padà kà á, ẹ ó rí i bóyá ìwọ̀n yín ni kò pé, tàbí ayé ló yí.

Ìbànújẹ́ sì lè wà níbi tí àṣìṣe kò sí. Ẹni tó ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ tó ń bá òbí rẹ̀ mí dúró lè jàre, kó sì tún sunkún fún ọdún púpọ̀. Ẹ má fi ẹkún yẹn ṣe ẹ̀rí sí ara yín.

Bí mo bá ti wọ inú rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó yẹ kí n yí padà?

Ẹ yan àmì kí ẹ tó wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ń gun òkè Everest máa ń dá wákàtí tí wọn yóò yí padà, tí wọn ìbáà dé ṣóńṣó rẹ̀ tàbí wọn kò dé e, nítorí ẹni tó ti rí ṣóńṣó lọ́ọ̀ọ́kán kò lè dá ara rẹ̀ lẹ́kun mọ́. Ní May 1996, ọ̀pọ̀ ló kọjá aago méjì ọ̀sán kí wọ́n tó dé òkè. Ìjì ká wọn mọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ènìyàn mẹ́jọ sì kú láàárín ọjọ́ kẹwàá sí ọjọ́ kọkànlá oṣù náà.

Kí àmì yín jẹ́ ohun tí a lè kà tàbí tí a lè rí: iye owó tó kù, ọjọ́ kan nínú oṣù, èsì àyẹ̀wò kan. “Bí nǹkan bá burú sí i” kì í ṣe àmì, torí ọkàn á máa sún un síwájú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fún ẹnìkan tí kò bẹ̀rù yín ní ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì ní kó pè yín lọ́jọ́ náà, kó bi yín bóyá àmì ti yọ.